Ẹ̀tọ́ Ológun Lọ́rùn Wa, Ẹ̀tọ́ Wa Lọ́rùn Ológun

Khutba ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun, Ògbómọ̀ṣọ́

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ìfọ̀kànbalẹ̀ ta ẹrú Rẹ̀ lọ́rẹ, tí ó sì fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. A ń yìn Ín, a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹlòmíràn tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Òun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìmọ̀ràn ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù Ọlọ́hun ni yóò lè ṣọ́ ahọ́n rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i, òun náà ni yóò sì lè ṣọ́ ọ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, orílẹ̀-èdè wa yóò ṣe Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun. Olórí orílẹ̀-èdè ní Àbújá, àti àwọn gómìnà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn, yóò fi òdòdó lélẹ̀ níbi ìrántí àwọn tí ó ṣubú lójú ogun, wọn yóò sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ ní àmì àlàáfíà. Àṣà ni pé kí a ṣe àdúà fún àwọn ológun ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú, kí àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù sì ṣe tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti bẹ àwa náà pé kí a ṣe é, a ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ohùn méjì ni ó dé etí wa láàrin jamáà yìí lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí a dákẹ́ lórí wọn.

Ohùn kìíní wí pé ológun ni ó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣọ́ wa, nítorí náà ẹni tí ó bá bá ológun wí, aláìmoore ni. Ohùn kejì, tí ó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, wí pé ìbọn tí a fi owó ìlú rà ni ó ń pa ọmọ ìlú, nítorí náà kí a má ṣe retí àmín lẹ́nu àwọn. Wọ́n rántí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, ní àkókò ìwọ́de End SARS. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú wa níhìn-ín. Ní ọjọ́ 20, àwọn ológun yìnbọn ní ibodè Lekki ní Èkó. Lótìítọ́, ọlọ́pàá ni àwọn ará ìlú tọ́ka sí nípa ti Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe ṣọ́jà, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ àárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohùn méjèèjì ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbé òṣùwọ̀n Ọlọ́hun dání. Nínú Sūratul Mā'idah, āyah 8, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí òdodo, kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn ènìyàn kan má ṣe tì wá sí àìṣòdodo. Nínú Sūratun Nisā', āyah 135, Ó pa á láṣẹ pé kí a jẹ́rìí òdodo, ì báà ṣe lòdì sí ara wa, tàbí àwọn òbí wa, tàbí àwọn ìbátan wa. Āyah kìíní kò jẹ́ kí a rẹ́ ẹni tí a kórìíra jẹ. Āyah kejì kò jẹ́ kí a bo àṣìṣe ẹni tí a fẹ́ràn mọ́lẹ̀. Láàrin àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wa yóò dúró lónìí.

ỌJỌ́ KAN, ÌRÁNTÍ MÉJÌ

Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni a máa ń ṣe ìrántí yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é nítorí ogun àgbáyé. Ìjọba yí i padà sí ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ nítorí pé ní ọjọ́ náà, ní ọdún 1970, ni àwọn Biafra túúbá ní Èkó, tí ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ ọdún 1967 sì parí. Ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́ ni. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ní ìtàn mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan fi ipá gba ìjọba, ọ̀wọ́ kan nínú wọn lọ sí ilé Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa á. Olórí ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni. Orúkọ rẹ̀ ni Yunifásítì tí ó wà ní ìlú wa ń jẹ́. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ìṣèlú ìgbà ayé rẹ̀, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí adájọ́ kan tí ó jókòó lórí ẹjọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ àwíjàre rẹ̀. Ẹnu ìbọn ni ó dá ẹjọ́ náà.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ìjọba ní kí a bọlá fún ológun ni ọjọ́ tí ilé kan ní ìlú yìí ń rántí ẹni tí ológun pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ yìí kò nira, kò tíì rò ó dénú.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀síwájú díẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ ọdún 1966 kan náà, àwọn ológun mìíràn dìde ní Ìbàdàn. Wọ́n mú olórí ìjọba, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, àti ẹni tí ó gbà á lálejò, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájúyì ọmọ Adó-Èkìtì, tí ó jẹ́ gómìnà ológun ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ohun tí àwọn Yorùbá ń sọ títí di òní ni pé Fájúyì kọ̀ láti jọ̀wọ́ àlejò rẹ̀, ó sì bá a lọ sí ikú. Ẹ kíyè sí i: ológun ni ẹni tí a pa, ológun ni àwọn tí ó pa á, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ẹni tí ó bá ní gbogbo ológun ni ènìyàn búburú, ó ti bú Fájúyì. Ẹni tí ó bá ní ológun kò ṣeé bá wí, ó ti dá àwọn tí ó pa Fájúyì láre. Aṣọ kò lè gba ìyìn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ẹ̀bi. Ìṣe ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni Ọlọ́hun yóò gbé sórí ìwọ̀n.

Ẹ̀TỌ́ OLÓGUN LỌ́RÙN WA

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ san gbèsè tí a jẹ. Àwọn baba wa sọ fún wa pé ọdẹ ni Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, àti pé òun ni ó ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Láti inú ìṣẹ́gun náà ni orúkọ ìlú yìí ti jáde: ẹni tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Nígbà tí ogun ń fọ́ ìlú káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí a bí àwọn baba wa sí, Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìlú wọn di ahoro sá wá síhìn-ín, àwọn ọmọ wọn sì ń bẹ nínú àwọn tí ó jókòó sórí ẹní yìí lónìí. Ìlú yìí fi Tóyèjẹ jẹ Kakaǹfò, ó fi ọmọ rẹ̀ Òjó Abúrúmákùú jẹ ẹ́, kí ó tó wá kan Akíntọ́lá. Ẹni tí ó bá ń sùn fọnfọn nínú ilé tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ kò lè ní òun kò jẹ ẹni náà ní gbèsè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ayé àwọn baba wa. Láàrin ọdún 1943 sí 1945, àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó bá àwọn ará Japan jà nínú igbó Bọ́mà, nínú ogun tí kì í ṣe wọ́n ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti ọdún 2009 ni àwọn ọmọ wa ti ń kú ní Borno àti àyíká rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń fi orúkọ ẹ̀sìn wa pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, wọ́n pa ológun 17 ní Okuama ní Ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí ilé iṣẹ́ ológun sọ pé ìlàjà ni wọ́n bá lọ. Ọmọ ènìyàn ni àwọn náà. Wọ́n ní ìyá.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nípa ojú méjì tí iná kò ní fọwọ́ kàn: ojú tí ó sunkún nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, àti ojú tí kò sùn lóru nítorí pé ó ń ṣọ́ àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Ó tún kọ́ wa pé ẹni tí ó bá dúró ti ará ilé jagunjagun lẹ́yìn rẹ̀ dáradára, òun náà ti jagun. Ó kọ́ wa pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ó sì pa á láṣẹ pé kí a san owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ.

Nínú èyí ni ìtìjú orílẹ̀-èdè yìí wà. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni àwọn ajagunfẹ̀yìntì, tí irun ti funfun lórí wọn, ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá nítorí owó tí ìjọba jẹ wọ́n. A ń fi òdòdó sórí ibojì òkú, a kò sì san gbèsè alààyè. Kí a má sì na ìka sí Àbújá nìkan. Opó ológun wà ní àdúgbò wa. Ọmọ òrukàn ológun wà ní ilé kéú wa. Ta ni nínú wa tí ó ti béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun? Ìyìn tí kò dé inú ìkòkò ọbẹ̀ opó, ariwo lásán ni.

OHUN TÍ ÀNÁBÌ ṢE PẸ̀LÚ KHĀLID

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹni tí ó mọ iyì ológun jù lọ ṣe bá ológun lò nígbà tí ó ṣẹ̀.

Ní ọdún kẹjọ Hijira, Khālid ọmọ al-Walīd, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, gba àsíá ní ojú ogun Mu'tah lẹ́yìn tí ọ̀gágun mẹ́ta ti ṣubú tẹ̀léra wọn. Ó fi ọgbọ́n kó àwọn Mùsùlùmí yọ nínú ewu ńlá. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń pè é ní Idà Ọlọ́hun, Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ náà.

Ní ọdún kẹjọ yẹn kan náà, lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun Mẹ́kà, Ànábì rán Khālid sí àwọn ẹ̀yà Banū Jadhīmah láti pè wọ́n sínú Islām. Wọn kò mọ bí a ti ń sọ pé àwọn gba Islām. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n lò, tí ó túmọ̀ sí pé àwọn ti fi ẹ̀sìn àwọn sílẹ̀. Khālid kò gbà á lẹ́nu wọn. Ó pa nínú wọn, ó dè nínú wọn lẹ́rú, ó sì pàṣẹ pé kí olúkúlùkù ọmọ ogun pa ẹrú tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abdullāh ọmọ Umar wà níbẹ̀. Ó búra pé òun kò ní pa tòun, àti pé kò sí ẹni tí ó wà pẹ̀lú òun tí yóò pa tirẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì sọ fún Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀mejì pé òun yọ ọwọ́ kúrò nínú ohun tí Khālid ṣe. Hádíìsì yìí wà nínú Bukhārī.

Kò parí síbẹ̀. Àwọn onítàn ìgbésí ayé Ànábì sọ pé ó fi owó rán Aliyu, ó sì san owó ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ẹni tí a pa. Ó san gbogbo ohun ìní tí ó bàjẹ́, títí dé orí àwo tí ajá fi ń mu omi. Nígbà tí owó ṣẹ́kù, ó fi èyí tí ó kù ta wọ́n lọ́rẹ, bóyá ohun kan wà tí wọ́n gbàgbé láti kà.

Ẹ wo ohun tí Ànábì ṣe, kí ẹ sì wo ohun tí kò ṣe. Kò sọ pé, nítorí pé Khālid gbà wá là ní Mu'tah, kí a dákẹ́. Kò sọ fún àwọn Banū Jadhīmah pé ogun kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kò sì gba orúkọ Idà Ọlọ́hun kúrò lára Khālid, bẹ́ẹ̀ ni kò lé e kúrò nínú iṣẹ́, nítorí ó tún rán an níṣẹ́ ogun lẹ́yìn ìgbà náà. Ó fi ọlá sí àyè ọlá, ó fi ìbáwí sí àyè ìbáwí, ó sì san gbèsè ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀sìn wa nìyí. Ọlá tí ológun gbà lánàá kì í ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá lónìí.

Lẹ́yìn ikú Ànábì, nígbà tí Abū Bakr ń rán ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yazīd ọmọ Abū Sufyān tí ó jẹ́ ọ̀gágun, tí ó sì wà lórí ẹṣin. Yazīd ní kí òun sọ̀ kalẹ̀ tàbí kí Abū Bakr gun ẹṣin. Ó kọ̀. Ọlá tí kálífà fún ológun nìyẹn, kí olórí Mùsùlùmí máa rìn nílẹ̀ kí ọmọ ogun wà lókè. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn kan náà ni ó ti kà á léèwọ̀ fún un: kò gbọdọ̀ pa obìnrin, tàbí ọmọdé, tàbí arúgbó, kò gbọdọ̀ gé igi eléso, kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ènìyàn ń gbé di ahoro, kò gbọdọ̀ pa àgùntàn tàbí ràkúnmí àfi fún jíjẹ, kò gbọdọ̀ jí nínú ìkógun. Imām Mālik kọ ọ́ sínú Muwatta' rẹ̀. Ẹnu tí ó yìn ín náà ni ó fi ààlà lélẹ̀ fún un.

NÍ ILẸ̀ TIWA

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí wá sí ilé, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kàn ni ọmọ ìlú wa. Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ni ó darí ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí ó gba Bonny àti Calabar ní ọdún 1967 àti Port Harcourt ní ọdún 1968. Akọni ni, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968 kan náà, ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún àwọn oníròyìn òkèèrè lòdì sí oúnjẹ ìrànwọ́ fún àwọn ènìyàn tí ebi ń pa ní agbègbè ogun dun ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayé. Àìmọye ọmọdé ni ebi pa nínú ogun náà. Ọ̀gágun náà ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá ní ọdún 2014, ìṣirò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ẹni tí kì í ṣe àbòsí. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa ni ahọ́n wa. Nígbà tí a bá ń yangàn pé ọmọ wa ni, ẹ rántí pé àwọn Ígbò tí ó ń tajà láàrin wa gbọ́ èdè wa, àti pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹni tí ebi ogun náà pa àbúrò rẹ̀. Kí a sọ akọni rẹ̀, kí a sì sọ pé ebi kì í ṣe ohun ìjà ọmọlúàbí. Bí a bá sọ ọ̀kan tí a fi èkejì pamọ́, ẹ̀rí wa kò pé.

Èkejì ni ìlú Odi ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ní oṣù Bélú ọdún 1999, àwọn jàǹdùkú pa ọlọ́pàá ní agbègbè náà. Àwọn ológun wọ ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ di ahoro fún ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Ní ọdún 2013 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó dájọ́ pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà fún wọn. Ọdún mẹ́tàlá ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ànábì kò jẹ́ kí ti Banū Jadhīmah pẹ́ kí ó tó rán Aliyu.

Ẹ̀kẹta ni Tudun Biri ní Ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, àwọn Mùsùlùmí bí tiwa péjọ láti ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Ànábì. Ọkọ̀ òfuurufú ológun tí kò ní awakọ̀ nínú jù bọ́ǹbù lù wọ́n, nítorí pé wọ́n ṣì wọ́n pè ní àwọn agbébọn. Ó lé ní 80 ènìyàn tí ó kú, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Ilé iṣẹ́ ológun jẹ́wọ́ pé àwọn ni. Ọ̀gá àgbà àwọn ológun orí ilẹ̀ nígbà náà, Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja ọmọ Ìlobùú, tí ó ti di olóògbé báyìí, lọ sí abúlé náà, ó sì tọrọ àforíjìn. A yin ìjẹ́wọ́ náà, nítorí pé ní Odi àti ní ibòmíràn a kò rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun sọ nínú Sūratun Nisā', āyah 92, pé ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, ìtánràn wà lọ́rùn rẹ̀, owó ẹ̀jẹ̀ sì tọ́ sí àwọn ará ilé òkú àyàfi bí wọ́n bá dárí jì í. Bí àṣìṣe bá ní gbèsè báyìí, báwo ni ti àmọ̀ọ́mọ̀ṣe yóò ti rí?

SÍ ÀWỌN TÍ Ó Ń RÁN ỌMỌ LỌ SÍ ISẸ́ OGUN

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun lọ́dọọdún, àwọn kan nítorí ìfẹ́ ìlú, àwọn kan nítorí àìríṣẹ́. Iṣẹ́ halālì ni bí a bá fi òdodo ṣe é. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń súre fún ọmọ yín, ẹ má ṣe tọrọ ìgbéga nìkan fún un. Ẹ sọ ìtàn Abdullāh ọmọ Umar fún un. Ọmọ ogun ni, ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ, ọ̀gá náà sì jẹ́ Idà Ọlọ́hun. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé àṣẹ kan wà tí a kì í tẹ̀lé. Ànábì kọ́ wa pé ìgbọràn kò sí níbi tí a bá ti ń ṣẹ Ọlọ́hun, inú ohun tí ó dára nìkan ni ìgbọràn wà. Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, kò sí ọ̀gá tí yóò wí pé èmi ni mo rán an.

Ẹ sì kìlọ̀ fún un nípa owó. Lẹ́yìn ogun Khaybar, ọfà ṣèèṣì ba ìránṣẹ́ Ànábì kan, ó sì kú. Àwọn ènìyàn ń kí i kú oríire pé ó kú ikú ṣàhídì. Ànábì ní rárá, aṣọ ìbora kan tí ó jí nínú ìkógun kí a tó pín in ti di iná lára rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan gbọ́ èyí, ó sáré mú okùn bàtà kan tàbí méjì tí ó mú wá dá padà. Bí aṣọ ìbora kan bá lè jóni báyìí, kí ni a ó sọ nípa owó tí a fi ìbọn gbà lọ́wọ́ awakọ̀ lójú títì? Kí ni a ó sì sọ nípa ọ̀gá tí ó jẹ owó ohun ìjà, tí ó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ bá ọ̀tá lọ́wọ́ òfo?

Ìtàn yìí kan àwa tí a kò gbé ìbọn náà. Kì í ṣe ìṣẹ́ wa láti máa pín àlùjáńnà àti iná. Kí a má ṣe pe gbogbo ológun tí ó kú ní ṣàhídì, kí a má sì pe gbogbo ológun tí ó wà láàyè ní apànìyàn. Ohun tí a rí ni kí a sọ, èyí tí a kò rí, kí a fi í sílẹ̀ fún Ẹni tí ó rí i. Ìròyìn tí ẹ gbà lórí fóònù, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó tan án kálẹ̀.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTBA KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ní ẹ kò ní ṣe àmín, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ànábì ní kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ì báà ṣe alábòsí tàbí ẹni tí a ṣàbòsí sí. Àwọn sàhábà béèrè bí a ó ṣe ran alábòsí lọ́wọ́. Ó ní kí a dá a dúró níbi àbòsí rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà àdúà tí a ó ṣe kì í ṣe àdúà pé ohun gbogbo tí ológun bá ṣe dára. Ọwọ́ méjì tí Ànábì gbé sókè láti yọ ara rẹ̀ nínú ìṣe Khālid, ọwọ́ àdúà ni. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ yín sókè lónìí, ẹ lè tọrọ ààbò fún ọmọ ogun tí kò sùn lóru, kí ẹ sì tọrọ pé kí Ọlọ́hun di ọwọ́ rẹ̀ mú kúrò lára aláìṣẹ̀. Ọwọ́ kan náà gba méjèèjì.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn ológun ni yóò bá a wí kí ó tó ṣìnà. Àwọn Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Oṣù Rajab ni a wà yìí, ọ̀kan nínú oṣù mẹ́rin tí Ọlọ́hun ṣe ní ọ̀wọ̀, tí Ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe ṣàbòsí sí ara wa nínú wọn. Kí ìrun ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó dé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa wá opó tàbí òbí ológun kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó kí i, kí ó sì mú ohun tí agbára rẹ̀ ká lọ́wọ́. Apá kan nínú sàráà tí a bá kó jọ lónìí yóò lọ síbẹ̀.

Ọlọ́hun, Ìwọ ni Ọba Àlàáfíà. Ṣíjú àánú wo àwọn ọmọ ogun wa tí ó kú lórí òdodo, kí o sì tu ará ilé wọn nínú. Ṣọ́ àwọn tí ó wà lójú ogun, má ṣe jẹ́ kí ọ̀gá wọn fi ẹ̀mí wọn ṣòwò. Di ọwọ́ wọn mú kúrò lára aláìlẹ́ṣẹ̀, sì fún wọn ní ọkàn tí yóò kọ àṣẹ tí kò tọ́. Tu gbogbo ẹni tí ìbọn ìjọba sọ di aláìlóbìí àti aláìlọ́mọ nínú, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Èkó, ní Odi, ní Tudun Biri, kí o sì jẹ́ kí ẹ̀tọ́ wọn tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Fi ìbẹ̀rù Rẹ sí ọkàn àwọn tí ó ń darí wa. Má ṣe jẹ́ kí ogun dé ilé wa mọ́. Gba àdúà wa, Ìwọ Olùgbọ́, Olùmọ̀. Āmín.

Ẹ dìde sí ìrun, kí Ọlọ́hun ṣàánú wa.